Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun: Oníṣègùn tó wá ìdí àrùn ọpọlọ lọ sí Ẹ̀pẹ́, Igbó-Ọrà àti Ìdíkàn

Ẹni tó bá ń gbé ní Lẹ́kkí Phase 1 lè ti rí irú rẹ̀ rí. Màmá àgbà kan tí àwọn ọmọ lọ mú wá láti ilé, kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀ l'Ékòó. Lọ́jọ́ kan ó jáde ní géètì, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Mẹ́gáàdì ló rí i ní ẹ̀bá Admiralty Way, níbi tó ti ń béèrè ọ̀nà ọjà ìlú kan tó ti kúrò níbẹ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Nílé, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló ń pe ọmọ tó bí. Àwọn kan á ní ó ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, pé ìyá yẹn ti fẹ́ máa jẹ́wọ́.

Bí àwọn ọmọ bá sì gbé fóònù, ìpolówó lè já lù wọ́n níbẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ṣe, tó lè dá ọpọlọ padà sí bó ṣe wà nígbà èwe. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Láàárín ẹ̀sùn àjẹ́ àti abẹ́rẹ́ olówó gọbọi, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú. Kí ló fa àìsàn náà gan-an? Ọmọ Yorùbá kan wà tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ìbéèrè yìí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún díẹ̀ báyìí tó ti kú, ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣì ń tú títí di òní. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí tó di oníṣègùn ọpọlọ

Ọdún 1935 ni wọ́n bí Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì. Ilé tó ti jáde, ilé ìwé ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olóyè Odùọlá Ọ̀ṣuntókun, di mínísítà ní ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Àbúrò rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jídé Ọ̀ṣuntókun, di onímọ̀ ìtàn àti aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ Jámánì. Káyọ̀dé ní tirẹ̀ lọ sí Christ's School ní Adó-Èkìtì, ilé ìwé tó ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Èkìtì dàgbà. Láti ibẹ̀ ló ti wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì rékọjá sí Ìlú Ọba láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ, ògóóró ẹ̀yìn àti àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Nígbà tó padà sílé, ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957 ṣì jẹ́ tuntun. Àwọn àgbà oníṣègùn mìíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nípa orí ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ó ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú láàárín àwọn ará abúlé dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Láti ọdún 1962 ni Látúndé Odẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ti wà ní Ìbàdàn, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ abẹ inú ọpọlọ. Ìpín ti Ọ̀ṣuntókun yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Àwọn aláìsàn tirẹ̀ kì í ṣe wèrè, ọ̀bẹ kò sì lè wo àìsàn wọn. Ẹsẹ̀ wọn ló ń kú, ojú wọn ló ń ṣú, wárápá ló ń gbé wọn, ìgbàgbé ló ń mú wọn. Ìwé òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ ọ kò sì sọ púpọ̀ nípa ohun tó ń ṣe ènìyàn dúdú nílé rẹ̀.

Ibi tó yà sí nìyẹn. Kò dúró de aláìsàn lórí àga nílé ìwòsàn nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tọ àìsàn náà lọ sí ilé tó ń gbé.

Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ mọ́

Lónìí, ẹni tó bá gbéra ní Lẹ́kkí Phase 1, tó kọjú sí ìlà oòrùn, tó sì gba Ajah kọjá, títì kan náà ló máa gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, títì yẹn kò tíì sí, omi àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù ní ibi tí ilé olówó ńlá dúró sí báyìí. Ẹ̀pẹ́ gan-an ti jẹ́ ìlú àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àìsàn kan wà níbẹ̀ tó ń dààmú àwọn àgbàlagbà.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í hàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa jó ẹni náà bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná. Tó bá yá, ẹsẹ̀ ò ní mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ mọ́. Lójú ọ̀sán, yóò ṣì lè fi ojú wo ọ̀nà kó rìn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ọtí yó. Ojú á máa ṣú díẹ̀díẹ̀, etí náà á máa di. Àgbẹ̀ tó ń gba irinwó ebè lánàá kò ní lè dá oko lọ mọ́. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà: ní nǹkan bí ọdún 1930, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Moore ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ilé ìwé tí ojú wọn ń ṣú, ó sì fura sí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí.

Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Wọ́n yẹ àwọn aláìsàn wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bí iṣan ṣe ń yára gbé iṣẹ́. Wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Nígbà tí ojú di ọ̀ràn, ìyàwó rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábọ̀pọ̀ Ọ̀ṣuntókun, tó jẹ́ oníṣègùn ojú, bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Lọ́dún 1968, àbájáde iṣẹ́ náà jáde nínú Brain, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròyìn tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń bọ̀wọ̀ fún jù lágbàáyé.

Ohun tó rí ni pé ẹ̀gẹ́ ló kún inú oúnjẹ àwọn aláìsàn náà: gàárì láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, òmíràn lálẹ́. Ẹja àti ẹran kò tó nǹkan níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń lọ gàárì ló mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú. Sáyánáìdì ni májèlé yẹn. Rírẹ, fífún àti yíyan ló ń lé ọ̀pọ̀ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ lè kù sínú rẹ̀ tí wọ́n bá kánjú ṣe é. Ara ènìyàn mọ bí a ti í pa oró ìyókù, àmọ́ èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ amáradàgbà, irú bí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ló fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìrí ẹja jẹ, oró á máa wọlé, ohun tí yóò fi pa á kò ní tó. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, àmì sáyánáìdì ga, èròjà tó ń pa oró sì lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá wà nílé ìwòsàn tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ mìíràn, àmì náà á dínkù. Bí wọ́n bá padà sídìí gàárì nílé, á tún gòkè.

Ọ̀rọ̀ yìí tàn káyé. Orúkọ Ọ̀ṣuntókun wọ inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ òkèèrè.

Oògùn tí kò ṣiṣẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá ti dúró kí wọ́n máa gba oríyìn. Ọ̀ṣuntókun kò dúró. Ó bi ara rẹ̀ pé bí ìdí àìsàn náà bá jẹ́ ohun tí òun sọ, ṣé kò yẹ kí oògùn tó ń bá sáyánáìdì jà ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́? Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fún àwọn kan ní fítámì tó lè gba oró náà mọ́ra, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò gbà á. Àbájáde jáde lọ́dún 1970. Oògùn náà kò ṣe ìrànwọ́ tó hàn. Wọ́n tún gbìyànjú àpapọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì ṣiṣẹ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, kò fi ọwọ́ bò ó.

Nígbà tó yá, àwọn oníṣègùn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ ọ̀nà kan náà. Lọ́dún 1998, wọ́n lọ sí Òsosà, ìlú Hubert Ògúńdé, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì rí i pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀ digbí, nínú 100 ènìyàn bíi 6 ló ń bá jà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún lọ sí ìlú mìíràn tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ bákan náà, tí sáyánáìdì sì pọ̀ lára wọn, àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ó wá di pé ẹ̀gẹ́ nìkan kò lè jẹ́ gbogbo ìdí rẹ̀. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú ara tàbí nínú àyíká àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Òsosà tí wọn kò tíì mọ̀.

Àwọn kan lè rò pé èyí bu Ọ̀ṣuntókun kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí pé ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fínnífínní, tó dárúkọ ìlú, tó ka ènìyàn, tó sì jẹ́wọ́ oògùn tó kùnà, ló ṣe ṣeé ṣe fún àwọn tó wà lẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Igbó-Ọrà: kíka àwọn tí ìlú ń fi pamọ́

Àìsàn mìíràn tó gbà á lọ́kàn ni wárápá. Gbogbo ilé Yorùbá ló mọ ohun tí ojú àwọn tó ní in ti rí. Bí gìrì bá gbé ọmọ náà lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn á sá, wọ́n á ní ìtọ́ tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lè ran èèyàn. Wọ́n á mú un kúrò nílé ìwé. Bó bá dàgbà, kò ní rí ìyàwó tàbí ọkọ. Àwọn kan ti tẹ ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kó lè ta jí, tí àpá náà sì ń bá a lọ títí dé sàréè. Bẹ́ẹ̀, wárápá kì í ràn. Iná tó ń ṣẹ́jú nínú ọpọlọ ni, ó sì ní oògùn tó ń tù ú lójú.

Ẹni tí ìdílé bá ń fi pamọ́ kò lè dé ilé ìwòsàn, ìjọba kò sì lè kà á. Nítorí náà, Ọ̀ṣuntókun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé. Ní ìlú kékeré kan ní Ìbàràpá, wọ́n rí i pé nínú 1,000 ènìyàn, 37 ló ní wárápá. Iye yìí bani lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, ní Ìbàràpá kan náà. Nǹkan bí 19,000 ènìyàn ni wọ́n kà níbẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1987: nínú 1,000 ènìyàn, bíi 5 péré ló ní wárápá.

Èèyàn kan náà, ilẹ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà. Kí ló fa ìyàtọ̀? Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera nílùú Igbó-Ọrà láti ọdún 1963. Aláboyún ń rí ẹni gbẹ̀bí wọn dáadáa, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibà ń rí oògùn kó tó gun orí ọmọ. Ìlú kejì kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣuntókun rí i pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ wárápá tí wọ́n ń dá ayé lẹ́bi fún jẹ́ ti ìbímọ tó le, ibà tó gun orí ọmọ àti kòkòrò tó wọ inú ọpọlọ. Èyí ṣeé dènà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ìjọba, ó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ìyá tí wọ́n ti sọ fún pé ẹlẹ́yìnjú burúkú kan ló ń ṣe ọmọ rẹ̀.

Ìdíkàn àti Indianapolis

Iṣẹ́ tó fi parí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ti àrùn ìgbàgbé. Ní ìgbà kan, àwọn kan rò pé kò sí irú àìsàn yìí láàárín ènìyàn dúdú ní Áfíríkà, pé òyìnbó nìkan ló ń ní in. Àwọn mìíràn ní ó wà, pé àwọn àgbà wa kì í pẹ́ tó láyé kó tó ràn wọ́n bá. Èrò méjèèjì kò ní ẹ̀rí. Ọ̀ṣuntókun ní kí wọ́n lọ kà.

Òun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ gbé ìwádìí kan kalẹ̀ tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n mú àwọn Yorùbá tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Wọ́n tún mú àwọn ènìyàn dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí wọn rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú Indianapolis. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà l'Ámẹ́ríkà ni àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó l'ẹ́rú láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ṣùgbọ́n ìgbé ayé wọn yàtọ̀. Bí àìsàn náà bá pọ̀ níhà kan ju ìhà kejì lọ, nǹkan ni yóò sọ fún ayé nípa ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Ìdíkàn kò mọ ìwé, wọn kò sì mọ ọjọ́ ìbí wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ tí ará ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí. Ìbéèrè tí òyìnbó ń béèrè láti mọ ẹni tí ń ṣarán, irú bíi kí èèyàn ka ìwé tàbí ṣe ìṣirò lórí bébà, kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá lo ìbéèrè mìíràn, wọ́n tú u sí èdè Yorùbá tó já geere, wọ́n sì ń bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àgbà náà: ṣé ó ṣì ń rántí ibi tó gbé nǹkan sí? Ṣé ó ṣì mọ ojú ọ̀nà? Ẹni tó ń bá a jẹun ló mọ̀ jù.

Nǹkan bí 2,500 àgbà ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n sì bá 2,200 àti díẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Indianapolis. Àbájáde jáde lọ́dún 1995. Ní Ìdíkàn, nínú 100 àgbà, bíi 2 ló ní àrùn ìgbàgbé. Ní Indianapolis, nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú àgbà mọ́ ọn, bíi 8 ni. Ti Alzheimer's nìkan, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, kò pé 2 nínú 100 n'Ìbàdàn, ó lé ní 6 ní Indianapolis. Ẹni tó ní kò sí ní Áfíríkà ti jẹ̀bi. Ó wà. Àmọ́ kò pọ̀ bíi tòkèèrè.

Lọ́dún 1995 kan náà, Ọ̀ṣuntókun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé nǹkan ìyàlẹ́nu mìíràn jáde. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE. Òyìnbó tó bá jogún oríṣi rẹ̀ tó ń jẹ́ APOE4, ewu Alzheimer's rẹ̀ ń di ìlọ́po. Oríṣi yìí wọ́pọ̀ lára àwa Yorùbá ju bó ṣe wọ́pọ̀ lára ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ. Nígbà tí wọ́n wò ó lára àwọn àgbà Ìdíkàn, wọn kò rí i pé ó ń fa àìsàn náà. Ìdí tó jẹ́ òótọ́ l'Ámẹ́ríkà kò jẹ́ òótọ́ ní Ìdíkàn.

Ọ̀ṣuntókun kò ní àyè láti tú kókó yẹn. Lọ́dún 1995 yẹn gan-an ni ikú mú un lọ, ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ní UCH, ó ti gba ẹ̀yẹ àpọ́nlé ìmọ̀ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wo àrùn ọpọlọ lórílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ kí iṣẹ́ náà má bàa bá a wọlẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tó padà di ọmọdé

Àwọn tó kù ń bá iṣẹ́ Ìdíkàn lọ. Lọ́dún 2001, wọ́n fi hàn pé àwọn tó ń bọ́ sínú àìsàn náà lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí i, wọ́n rí i pé APOE4 náà ń ṣe díẹ̀ lára Yorùbá, pàápàá ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó ti ara òyìnbó. Kí ló ń dáàbò bo àwọn àgbà Ìdíkàn? Ṣé oúnjẹ ni? Ṣé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń rìn? Ṣé jíìnì mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ APOE4 ni?

Ohun tó ṣòro nínú ìbéèrè yìí ni pé kò sí ẹni tó lè la orí ènìyàn alààyè láti lọ wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá kú, àìsàn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tó gbà wọlé ti pa rẹ́. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ti wúlò.

Lọ́dún 2006, onímọ̀ ọmọ Jàpáànù kan, Shinya Yamanaka, fi ohun mẹ́rin péré mú kí sẹ́ẹ̀lì ara eku padà sẹ́yìn. Lọ́dún 2007, ó ṣe é fún ti ènìyàn. Àwọ̀ ara ti yan iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti di àwọ̀. Yamanaka mú un padà di bí ọmọ tí kò tíì yan iṣẹ́. Láti ibẹ̀, wọ́n lè kọ́ ọ níṣẹ́ tuntun: kó di sẹ́ẹ̀lì ọkàn, kó di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, kó di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2012. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí awọ díẹ̀, wọ́n lè hu sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ẹni náà nínú àwo, kí wọ́n máa wò ó bí àìsàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, láìfọwọ́ kan orí rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni wọ́n ti fi yẹ APOE4 wò. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní MIT ní Amẹ́ríkà hu sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ oríṣi méjì tí gbogbo nǹkan wọn bára mu, àfi jíìnì APOE nìkan. Èyí tó ní APOE4 ń kó ìdọ̀tí tí wọ́n mọ̀ mọ́ Alzheimer's jọ ju èkejì lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Miami fi hàn láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn pé bí APOE4 bá jẹ́ èyí tí ènìyàn jogún láti ìran Áfíríkà, ewu rẹ̀ kéré ju ti ìran òyìnbó lọ. Ohun tó yí jíìnì náà ká ló dà bíi pé ó ń tù ú. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun rí ní Ìdíkàn lọ́dún 1995 ni wọ́n ń tọpasẹ̀ rẹ̀ báyìí.

Ìṣòro kan ló kù. Ọ̀pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ tó wà ní ilé ìwádìí lágbàáyé, ara òyìnbó ni wọ́n ti mú un. Àwọn ti Yorùbá wà díẹ̀: láti inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn fi sílẹ̀ fún ìwádìí àgbáyé kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ ní Chicago ti ṣe oríṣi sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ 58, wọ́n sì fi wọ́n hu sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń dáàbò bo àgbà Ìdíkàn, ẹ̀jẹ̀ àgbà Ìdíkàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wá a. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti ń kó àwọn àgbà jọ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, wọ́n sì ti dá ibi ìpamọ́ ọpọlọ sílẹ̀ fún àwọn tí ẹbí wọn gbà.

Ohun tó kan ará ilé

Ó yẹ kí èèyàn mọ ìyàtọ̀ kan kedere. Fífi sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ wá ìdí àìsàn yàtọ̀ sí fífi í ṣe ìwòsàn. Nínú àwo ilé ìwádìí ni ti àkọ́kọ́ wà. Ní ti Alzheimer's, kò sí abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ kankan tí ẹ̀rí ti fi hàn pé ó ń wò ó sàn. Ẹni tó bá ń ta á ní Lẹ́kkí tàbí níbikíbi, ohun tí kò tíì sí ló ń tà. Ọ̀ṣuntókun fúnra rẹ̀ dán oògùn tirẹ̀ wò, nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ó sọ ọ́ síta. Ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ náà yẹ kó lè fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn kí ẹbí tó ta ilẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, nítorí àwọn ìgbàgbé kan wà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó fítámì tàbí oògùn tó ń lò ń fà, èyí sì ṣeé tún ṣe. Bí wárápá bá gbé ọmọ, kí wọ́n dà á kọ ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má ti nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí iná má sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń fi gàárì jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kó wá ẹja tàbí ẹ̀wà fi kún un.

Ìyá tí mẹ́gáàdì rí ní ẹ̀bá Admiralty Way yẹn kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Àrùn ló ń ṣe é, àrùn náà sì ní ìdí. Ohun tí Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Igbó-Ọrà àti Ìdíkàn nìyẹn, àwọn tó kọ́ sì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.